Yúnìtì àti Kílò: Bí Ilé Kan ní Ìwáyà Ṣe Lè Mọ Owó Iná àti Owó Gáàsì Rẹ̀ Kó Tó Dé

Yúnìtì ni òṣùwọ̀n iná mànàmáná, kílò sì ni ti gáàsì ìdáná. Ìdílé tó bá mọ iye yúnìtì tó ń jẹ lóòjọ́ àti iye kílò tó fi ń dáná lọ́sẹ̀ ti mọ ohun tí owó iná àti owó gáàsì yóò jẹ́ kí oṣù tó parí. Ẹni tó ń fi náírà nìkan ṣírò ni ọ̀rọ̀ náà máa ń bá lójijì, nítorí náírà kò dúró sójú kan. Ilé tó ń ra iná ₦5,000 ní ọdún 2023, tí owó yẹn sì ń gbé e dé ìparí oṣù, lè rí i ní ọdún 2024 pé ₦5,000 kan náà kò gbé òun kọjá ọjọ́ kẹwàá, bẹ́ẹ̀ gílóòbù kan kò kún gílóòbù, fáànù kan kò kún fáànù.

Ìwáyà wà ní Yábà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan kan Àkọkà àti Onike, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì kan Mákòkó àti etí ọ̀sà. Ilé ibẹ̀ kò rí bákan náà, ìyẹn ni ìṣòro owó iná wọn kò fi rí bákan náà. Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ibẹ̀ jẹ́ ilé ojúkojú, èyí tí ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you: yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, mítà kan ṣoṣo lára ògiri iwájú. Ilé fúláàtì tuntun náà wà, tí olúkúlùkù ní mítà tirẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó sì ń háyà yàrá nínú wọn. Lápá etí omi ni àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ ń gbé, tí wọ́n ń fi igi yan ẹja, tí wáyà iná sì ń gba orí páánù kan bọ́ sí orí èkejì.

Yúnìtì kan ni iná tí ohun èlò oníwọ́ọ̀tì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan gbáko. Áyọ́ọ̀nù oníwọ́ọ̀tì 1,000 yóò jẹ yúnìtì kan láàárín wákàtí kan. Gílóòbù LED oníwọ́ọ̀tì 10 yóò tàn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó jẹ yúnìtì kan náà. Wọ́n máa ń kọ wọ́ọ̀tì yìí sí ẹ̀yìn tàbí abẹ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan pẹ̀lú lẹ́tà W. Bó bá jẹ́ V àti A nìkan ló wà níbẹ̀, kí a sọ méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn: 220V lọ́nà 0.5A jẹ́ wọ́ọ̀tì 110. Láti mọ yúnìtì, a ó mú wọ́ọ̀tì, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà iye wákàtí tí a fi lò ó, a ó sì fi 1,000 pín in.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá kan tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Gílóòbù LED mẹ́ta, oníwọ́ọ̀tì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, yóò jẹ yúnìtì 5.4 lóṣù. Fáànù onídùúró oníwọ́ọ̀tì 60, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá, yóò jẹ 21.6. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ oníwọ́ọ̀tì 50 yóò jẹ 9 bí wọ́n bá ń wò ó fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Fíríìjì kékeré onílẹ̀kùn kan máa ń jẹ tó yúnìtì kan lóòjọ́, ìyẹn 30 lóṣù. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, ó ń sinmi nígbà tí inú bá ti tutù tó, ìdí nìyí tí a kò fi ní sọ wọ́ọ̀tì rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà wákàtí mẹ́rìnlélógún. Áyọ́ọ̀nù oníwọ́ọ̀tì 1,200 tí wọ́n ń lò fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ yóò jẹ tó 9.6. Fóònù méjì tí wọ́n ń ṣájì kò jẹ ju 1.8 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 77.4.

Nínú ìṣirò yìí, fóònù tí àwọn òbí ń tìtorí rẹ̀ bá ọmọ wí pé ó ń fi iná ṣòfò kò tó nǹkan. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò fún wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀ ló jẹ ju tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lọ. Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná ló ń jẹ iná jù ní wákàtí kan: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, sítóòfù oníná, àti irin ìgbómi tí wọ́n ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi lítà 20, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó kún dáadáa, yóò jẹ tó yúnìtì 1.7 kó tó hó. Bó bá jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, yúnìtì 0.4 ti tó o. Ẹni tó bá gbé omi ìwẹ̀ lé iná títí tó fi hó, tó wá bu omi tútù là á, ti san owó lórí ooru tí kò nílò.

Ẹ̀rọ amúlétutù tún yàtọ̀. Èyí tó kéré jù lára wọn, tí wọ́n ń pè ní one horse, máa ń gba tó wọ́ọ̀tì 800 sí 900 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́fà lóru fún ọgbọ̀n ọjọ́ lè ju gbogbo ohun tí yàrá òkè yẹn ń jẹ lóṣù lọ.

Iye tí yúnìtì kan jẹ́ wá dá lórí báńdì tí àdúgbò wà. Láti ọdún 2020 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná lórílẹ̀-èdè yìí, ti pín àwọn oníbàárà sí báńdì márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí ó yẹ kí wọ́n rí lóòjọ́. Báńdì A yẹ kó rí ó kéré tán wákàtí 20, B yẹ kó rí 16, C 12, D 8, E 4. Kì í ṣe ilé tàbí òpópónà ni wọ́n fi ń pín in, wáyà ńlá tó ń gbé iná wá láti ibùdó iná ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fídà. Ìyẹn ni òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fi lè máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó Báńdì A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Wọ́n dín in sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì tún gbé e sí ₦209.50 ní oṣù keje. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà ni NERC sọ pé ó wà nínú Báńdì A nígbà náà, owó àwọn yòókù kò sì kúrò níbi tó wà.

Owó orí tí wọ́n ń pè ní VAT, ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tún wà lórí rẹ̀. Ní ₦209.50, yúnìtì kan di ₦225.20 kó tó wọ mítà. Yàrá tó jẹ yúnìtì 77.4 yóò san nǹkan bí ₦17,430. Ẹni tó bá ra iná ₦10,000 yóò rí yúnìtì 44.4: a kọ́kọ́ yọ VAT kúrò, ó ku ₦9,302, a sì fi ₦209.50 pín in. Kí olùkàwé mú rìsíìtì tó rà kẹ́yìn, kó wo iye owó tó san àti iye yúnìtì tí wọ́n fún un, kó fi èkejì pín èkíní. Iye tó bá jáde ni owó yúnìtì kan gan-an nínú ilé rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kéde lórí rédíò. Bó bá yí padà láàárín oṣù méjì, owó ló gbéra tàbí báńdì ló yí padà, tàbí kẹ̀ wọ́n ń yọ gbèsè àtẹ̀yìnwá lára owó náà. Rìsíìtì sábà máa ń fi èyí hàn ní ìlà tirẹ̀.

Ẹni tó wà ní Báńdì A ní ẹ̀tọ́ láti máa ka wákàtí iná rẹ̀. NERC pàṣẹ nígbà tí wọ́n gbé owó náà lọ sókè pé bí fídà kan kò bá rí wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún un fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n gbé e wá sí báńdì tó bá iná tó ń rí mu. Ìwé kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, tí wọ́n ń kọ àsìkò tí iná dé àti àsìkò tó lọ sí, wúlò ju ariwo lọ nígbà tí ẹjọ́ bá dé.

Ohun tí mítà ń sọ

Mítà oníkáàdì ni wọ́n ṣì ń pe mítà àsansílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà 20 ni wọ́n ń tẹ̀ sínú rẹ̀ báyìí. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń tàn, tó ń kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí, bíi 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh. Iye ìgbà tí iná pupa náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó tán nìyẹn. Kí a wo aago, kí a ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 60, kí a sì fi nọ́ńbà ara mítà pín in. Lára mítà oní-1000, bó bá ṣẹ́jú ní ìgbà ogún, ilé náà ń jẹ yúnìtì 1.2 ní wákàtí kan. Lára èyí tó jẹ́ 1600, ìgbà ogún kan náà jẹ́ 0.75.

Ọ̀nà yìí ló dára jù láti mọ ohun èlò tó ń jẹ iná, nítorí fíríìjì àtijọ́ tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó lè máa jẹ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n pa ohun gbogbo, kí wọ́n wá tan ohun èlò kan ṣoṣo, kí wọ́n ka iná pupa náà. Bí wọ́n bá pa ohun gbogbo tí iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan ń jẹ iná tí wọn kò mọ̀: wáyà inú ògiri lè ti bó, tàbí kí ẹlòmíràn ti fa wáyà láti ara rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kí wọ́n pè, kí ẹnikẹ́ni má tú ojú mítà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó dá wàhálà sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, tó sì ṣì lè bá ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tó ti wà ní títì láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ mítà àsansílẹ̀ tó ń lo ìlànà STS káàkiri ayé ló ti ń fi ìṣẹ́jú ka ọjọ́ láti January 1, 1993. Àyè ìkàyé náà kún ní November 24, 2024. Mítà tí wọn kò tún tò kó tó di ọjọ́ yẹn kò ní gba nọ́ńbà tuntun, bó ti wù kí owó pọ̀ tó. Nọ́ńbà 20 méjì tí ilé-iṣẹ́ apíniná ń fúnni ni wọ́n fi ń tò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ àwọn yìí kí wọ́n tó tẹ iná tí wọ́n rà.

Mítà kan, yàrá mẹ́wàá

Nínú ilé ojúkojú, mímọ yúnìtì ilé lápapọ̀ kò tíì tán ọ̀rọ̀. Bí wọn yóò ṣe pín in ló kù, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí yúnìtì bá ku díẹ̀, mítà á máa dún píì-píì lára ògiri. Akápò ilé á mú ìwé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé tí wọ́n fi bírò fa ìlà sí: orúkọ lápá òsì, póìntì láàárín, owó lápá ọ̀tún. Ẹnìkan á ní òun kò sí nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn á ní fíríìjì òun ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, wọ́n á sì lọ kan ilẹ̀kùn láti wò ó.

Àwọn ilé kan máa ń pín in dọ́gba, yàrá kan, owó kan. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ní gílóòbù kan àti fáànù kan yóò máa ra iná fún ẹni tó ní fíríìjì ńlá. Póìntì ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: gílóòbù jẹ́ póìntì kan, fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kan, fíríìjì kan, wọ́n á sì fi àpapọ̀ póìntì pín owó. Ó dà bí òdodo, àmọ́ kì í ṣe òdodo, nítorí gílóòbù àti fíríìjì kò jẹun bákan náà. Ká sọ pé yàrá méjì ló ń lo mítà kan. Yàrá kìíní ní gílóòbù méjì, fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kan: póìntì mẹ́rin. Yàrá kejì ní gbogbo ìyẹn pẹ̀lú fíríìjì: póìntì márùn-ún. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òkè yẹn, yàrá kìíní ń jẹ yúnìtì 34.2 lóṣù, yàrá kejì ń jẹ 64.2, àpapọ̀ 98.4, owó rẹ̀ ní ₦225.20 lórí yúnìtì kan tó ₦22,160. Póìntì yóò ní kí yàrá kìíní san ₦9,849. Ohun tó jẹ gan-an kò ju ₦7,702 lọ. Ó ti san ₦2,147 lé e, lóṣooṣù, láìjẹ pé ẹnikẹ́ni puró.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò owó: kí póìntì tẹ̀lé wọ́ọ̀tì àti wákàtí. Bí gílóòbù LED bá jẹ́ póìntì kan, kí fáànù jẹ́ mẹ́wàá sí méjìlá, kí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ márùn-ún, kí fíríìjì kékeré jẹ́ mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún, kí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò díẹ̀díẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan níṣojú gbogbo ilé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó dára jù ni mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní sub-meter. Ayálégbé tàbí onílé ló ń rà á, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ apíniná, owó kò sì wọ inú rẹ̀. Ó kàn ń kà ni. Ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, akápò á ka gbogbo rẹ̀, á yọ nọ́ńbà oṣù tó kọjá kúrò lára ti oṣù yìí. Bí ó bá ro ti yàrá gbogbo pọ̀, kò ní pé ti mítà ńlá. Ohun tó yàtọ̀ ni gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Ìyẹn ni kí wọ́n pín dọ́gba. Ẹni tó bá ń kó wọ ilé irú èyí, kí ó ka mítà lọ́jọ́ tó dé, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí onílé náà sì rí i.

Ilé tí kò ní mítà

Ilé tí kò ní mítà ń gba bíìlì tí wọ́n ń fojú dá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìfojúdá yìí fi jẹ́ ìnira ńlá, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dé orí iye náà. Ní oṣù kejì ọdún 2020, NERC gbé àṣẹ kan jáde tó fi òdiwọ̀n dè é: ilé-iṣẹ́ apíniná kò gbọ́dọ̀ bu ju iye yúnìtì kan pàtó lọ fún ẹni tí kò ní mítà, wọ́n sì ń kéde òdiwọ̀n náà fún fídà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá gba bíìlì wo orúkọ fídà tó wà lórí rẹ̀, kó wá òdiwọ̀n oṣù náà, kó sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà owó yúnìtì, kó fi VAT kún un. Bí bíìlì bá ju ìyẹn lọ, wọ́n ti bù ú ju ẹ̀tọ́ lọ. Àṣẹ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ní oṣù kejì ọdún 2024, NERC gbé ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ka àwọn ilé-iṣẹ́ apíniná mọ́kànlá lórí nítorí bíìlì àbùjù ọdún 2023, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ohun tí wọ́n gbà lé padà fún àwọn oníbàárà.

Ẹ̀tọ́ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí kò ní mítà, tó sì ń jiyàn bíìlì kan, kò ní láti san iye tó ń jiyàn náà. Bíìlì tó kẹ́yìn tí kò sí iyàn lórí rẹ̀ ni kó máa san títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ gé iná láìkọ ìwé ṣáájú. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ àdúgbò láti dáwó ra tiransifọ́mà tàbí òpó iná, ilé-iṣẹ́ apíniná ló ni iṣẹ́ yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso. Látìgbà tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára, iṣẹ́ náà ní Èkó ti kúrò lọ́wọ́ NERC bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀, LASERC, ní ọdún 2025.

Sílíńdà

Ìṣirò gáàsì rọrùn ju ti iná lọ, nítorí ó ṣe é gbé sórí ìwọ̀n. Sílíńdà òfìfo ní ìwúwo tirẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà TW. Bí TW bá jẹ́ 14.2, tí wọ́n sì ra kílò 12.5, orí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ fi 26.7 hàn nígbà tí wọ́n bá rọ ọ́ tán. Kí oníbàárà ní kí onígáàsì gbé e sórí ìwọ̀n lójú òun ṣáájú àti lẹ́yìn. Èyí kò fi àbùkù kan onígáàsì tó jẹ́ olóòótọ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè fi mọ ohun tó kù nílé: kí wọ́n gbé sílíńdà sórí ìwọ̀n, kí wọ́n yọ TW kúrò. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lè da omi gbígbóná díẹ̀ sí ara sílíńdà, kó sì fi ọwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ni gáàsì dé.

Láti mọ ìlò ilé, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ tí wọ́n so sílíńdà mọ́ sítóòfù sí ara ògiri ilé ìdáná. Bí kílò mẹ́fà bá gbé ilé kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ìdá mẹ́rin kílò ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́, kílò méje àbọ̀ lóṣù. Bí kílò kan bá jẹ́ ₦1,200, ₦9,000 nìyẹn. Ó tọ́ kí wọ́n mọ èyí, nítorí owó gáàsì ń lọ sókè sódò ju ti iná lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, sílíńdà 12.5 tó kún kò tó ₦5,000. Nígbà tó fi di ọdún 2024, kílò kan ṣoṣo ti kọjá ₦1,000. Ilé-iṣẹ́ NLNG kéde ní ọdún 2022 pé gbogbo gáàsì ìdáná òun yóò máa wà fún ọjà ilẹ̀ yìí, síbẹ̀ gáàsì wọ́n lójijì ní Èkó lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, PENGASSAN, ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ìdílé tó mọ̀ pé kílò méje àbọ̀ ni òun ń jẹ lè ra kílò mẹ́ta mọ́ ọn nígbà tó pọ̀, kó má dúró di ìgbà tó tán.

Èwo ló wá wọ́n jù láti fi dáná, iná tàbí gáàsì? Agbára tó wà nínú kílò gáàsì kan tó nǹkan bíi yúnìtì 13, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ lábẹ́ ìkòkò. Sítóòfù oníná ń fi díẹ̀ ṣòfò, síbẹ̀ yóò gbà tó yúnìtì mẹ́wàá kó tó ṣe iṣẹ́ tí kílò gáàsì kan ṣe. Nítorí náà, kí wọ́n sọ owó yúnìtì kan di ìlọ́po mẹ́wàá, kí wọ́n fi wé owó kílò gáàsì kan. Ní owó Báńdì A ti oṣù keje ọdún 2024, ìlọ́po mẹ́wàá ₦225 jẹ́ ₦2,250. Bí gáàsì bá wà ní ₦1,200, kí ẹnikẹ́ni má fi iná dáná níbẹ̀. Ní báńdì ìsàlẹ̀, níbi tí yúnìtì kan kò tó ₦70 lẹ́yìn ìgbéga ọdún 2024, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ kò tó ₦700, iná ló dín owó. Ṣùgbọ́n wákàtí tí iná ń wà níbẹ̀ kò tó, ó sì lè jẹ́ hàáfù kọ́rẹ́ǹtì ló máa dé, ewédú kò sì ní dúró de NEPA. Ti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ dá a lábàá: lítà epo kan kì í mú yúnìtì méjì jáde lára jẹnẹrétọ̀ kékeré, lítà náà sì ti kọjá ₦800 ní Èkó ní ìparí ọdún 2024.

Ohun tó ń dín gáàsì kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi láti àṣálẹ́ kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tí wọn kò rẹ. Ìkòkò tí wọ́n dé ń tètè hó ju èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ. Bí ọbẹ̀ bá ti hó, kí wọ́n rẹ iná sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó ń hó gùdùgùdù kò gbóná ju èyí tó ń hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Iná aláwọ̀ búlúù ni iná tó dára. Bó bá pọ́n, tó sì ń fi èédú kun ìdí ìkòkò, ojú sítóòfù ti dí, gáàsì ń ṣòfò, kí wọ́n fọ ojú rẹ̀.

Gáàsì tó ń jò ni òfò tó burú jù, nítorí kì í ṣe owó nìkan ló ń lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè; ilẹ̀ ló ń rìn, á sì kó jọ sí ilẹ̀ ilé ìdáná àti abẹ́ àga, tàbí kí ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá aládùúgbò. Bí wọ́n bá gbé sílíńdà dé láti ọjà, kí wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi, kí wọ́n fi kànrìnkàn kun orí rẹ̀, ẹnu rẹgulétọ̀ àti gbogbo ara rọ́bà. Ibi tó bá ń yọ fóòmù ló ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣáná wá a. Bí òórùn gáàsì bá gbalé, kí wọ́n pa orí sílíńdà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n má tan gílóòbù kankan, kí wọ́n má sì pa èyí tó ń tàn. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde síta, kí wọ́n sì pe àwọn ará yàrá kejì.